Ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Máàsì? Ẹ gbà mí o, mo ti bá ọmọ mi ta tẹ́tẹ́

Géèjì_Ṣàgámù | Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé mi lálẹ́ yìí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yanjú rẹ̀ kí n tó sùn.

Fọkanáísà ni mí, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Sábó ní Ṣàgámù níbí. Lọ́sàn-án òní tí iṣẹ́ dá, mo jókòó sórí táyà, mo ń wo àwòdì kan tó ń yí po lókè òrùlé páànù ọjà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi wò ó. Kò ju apá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kàn na apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá, ó ń yí, ó sì ń lọ sókè ṣáá. Ọmọ mi obìnrin ti ilé-ẹ̀kọ́ dé (SS2 ló wà), mo fi hàn án. Ó ní, "Dádì, ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe ní Máàsì nìyẹn." Ó ní àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò ní fáànù, tí kì í mu epo, tí yóò máa fò kiri ní pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì fún odidi ọjọ́ mélòó kan.

Mo ní irọ́ ni. Ohun tí kò bá ní ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ọmọ yìí kọ̀ jálẹ̀. A bá ta tẹ́tẹ́: bí mo bá jàre, kó máa fọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Bó bá jàre, èmi fúnra mi ni n ó máa fọ aṣọ onígíríìsì yẹn fún oṣù kan gbáko. Ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ta ló jàre?

Ará_Òdogbolú | Ọjọ́ Ẹtì, 9:31 alẹ́

Kí ló kan fọkanáísà kan Máàsì? Àbí wọ́n ti ń lu táyà níbẹ̀ ni?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọkọ̀ tí kì í mu epo! Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kò ní dìde dúró bó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí? Kí wọ́n gbé e wá sí ọ̀nà tiwa kọ́kọ́, Máàsì lè dúró.

Tísà_Físíìsì | Ọjọ́ Ẹtì, 9:52 alẹ́

Bàbá Géèjì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ló jàre, ẹ lọ ra ọṣẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́ ẹ sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Òrùn ti pa páànù ọjà títí ó fi gbóná. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí páànù náà gbóná, ó fúyẹ́, ó sì ń gòkè bí èéfín. Inú afẹ́fẹ́ tó ń gòkè yẹn ni àwòdì yín ń yí po sí. Ní ti òun fúnra rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, bí mọ́tò yín gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gòkè ju bí òun ṣe ń sọ̀ lọ. Ẹ rántí ti àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, tó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Ohun tí ọmọ yín kà, òótọ́ ni. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Arizona, pẹ̀lú àwọn ará NASA, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rán ọkọ̀ lọ sójú ọ̀run, gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wúwo tó kílò 5, apá rẹ̀ láti òpin dé òpin tó mítà 3.3. Wọ́n fẹ́ ká a sínú àpótí kékeré bí ẹni ká ẹní, tó bá ti dé ọ̀hún kó wá na ara rẹ̀. Wọ́n ti so èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe mọ́ fèrè ńlá kan (bàlúùnù), irú èyí tó ń fò lọ sókè, wọ́n jẹ́ kó rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, nínú ayé tiwa níbí. Kò tíì sí ọ̀kankan tó dé Máàsì o. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ó ti ń fò níbẹ̀, ẹ má gbà.

Géèjì_Ṣàgámù | Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́

Tísà, ẹ ṣé gan-an. N kò tíì gbà o. Ọmọ yìí kan náà ló sọ fún mi nígbà kan pé afẹ́fẹ́ Máàsì kò tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ sì ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá gbé géèjì mi lọ síbẹ̀, kí ni yóò kà?

Tísà_Físíìsì | Ọjọ́ Ẹtì, 10:26 alẹ́

Mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ yìí ó pẹ́, ẹnì kankan kò bi mí ní ìbéèrè tó dùn tó èyí rí.

Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká níbí, tí ẹ kò tíì tan ẹ̀rọ yín rárá, ti ń tẹ̀ wá ní 14.7 lórí irú nọ́ńbà tó wà lójú géèjì yín. Géèjì kì í ka ìyẹn, torí pé orí rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. 32 tẹ́ ẹ ń fún mọ́tò kékeré, 32 tó gun orí 14.7 ni. Ní Máàsì, gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò tó 0.1. Ẹ wá gbọ́ èyí: bẹ́ ẹ bá mú táyà tó ṣófo lójú yín, tó ṣì dúró dáadáa lórí rìímù, tẹ́ ẹ dé ẹnu rẹ̀ pa níbí, tẹ́ ẹ gbé e dé Máàsì láìfi kún un, bí òtútù ibẹ̀ kò bá dín in kù, géèjì yín yóò kà á sí bíi 14 àti ààbọ̀. Táyà tí kò ní nǹkan kan nínú ní Ṣàgámù ti di táyà tó ní afẹ́fẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ fífò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bí ìdá kan nínú 60 tiwa ló ki mọ. Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé òòfà ilẹ̀ Máàsì náà kéré: ohun tó wúwo kílò 5 lọ́wọ́ yín níbí, yóò dà bí ohun tí kò tó kílò 2 níbẹ̀. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ óò rí i pé ọkọ̀ kan náà, pẹ̀lú apá kan náà, gbọ́dọ̀ máa sáré ní ìlọ́po bíi 5 kó má bàa já. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù 5 yẹn. Tí eré bá di ìlọ́po 2, agbára tó ń gbé apá di ìlọ́po 4. Tí eré bá di ìlọ́po 5, ó di 25. Eré ló ń san gbèsè afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́.

Ará_Òdogbolú | Ọjọ́ Ẹtì, 10:41 alẹ́

Mo fẹ́ lọ sùn ni, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́.

Tísà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bébà ìwé àti ẹyọ ìgbálẹ̀ la fi ń ṣe káìtì. Bí okùn bá fi lè já báyìí, ó parí. Káìtì á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á lọ há sórí igi àgbọn onígi. Ẹ wò ó dáadáa: afẹ́fẹ́ kò dá o, okùn nìkan ló já. Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò fi okùn dì mú, afẹ́fẹ́ á kàn gbé e lọ bí ewé ni. Ti òrùn tó pa páànù, mo gbà. Ṣé wọ́n ń kan páànù ní Máàsì ni?

Ọmọ_Ìwòpin | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n Òdogbolú, ìbéèrè yín yìí lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ọmọ apẹja ni mí, ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi àgbà a máa ta ìgbòkun, àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n rán pọ̀ fi ṣe é, ẹ ṣì ń rí orúkọ ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá ń lọ síbì kan náà, ní eré kan náà, ìgbòkun á rọ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ ó sì gbé àjẹ̀. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ lọ ni pé afẹ́fẹ́ ń sáré, omi kò sáré tó o. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì. Okùn káìtì yín, ilẹ̀ ló so ó mọ́. Afẹ́fẹ́ ń lọ, ilẹ̀ dúró. Tí okùn bá já, kò sí ìyàtọ̀ mọ́, ewé ló kù.

Ìbéèrè tó wá ṣẹ́kù ni pé, nígbà tí ọkọ̀ Máàsì yìí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tí kò fẹsẹ̀ kan omi, kí ni ohun kejì tó máa rọ̀ mọ́?

Ìpẹru_ní_Jámánì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá Tísà gbà á níbí, torí oúnjẹ mi ni.

Ohun kejì náà, afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ àti afẹ́fẹ́ òkè kì í sáré bákan náà. Ti ìsàlẹ̀ ń fara ha ilẹ̀ tàbí ìgbì omi, ó ń falẹ̀. Ti òkè kò fara ha nǹkan kan, ó ń sáré. Ẹyẹ kan wà lójú òkun gúúsù ayé tí wọ́n ń pè ní albatross. Apá rẹ̀ lè tó mítà 3.5 láti òpin dé òpin, kò sí ẹyẹ mìíràn láyé tí apá rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì rí i pé kò jìnnà sí iye tí Tísà pè fún ọkọ̀ Máàsì. Ẹyẹ yìí lè fò fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìju apá, lórí omi tútù tí kò sí páànù gbígbóná kankan.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Ó wà nísàlẹ̀, létí ìgbì. Ó kọjú sí afẹ́fẹ́, ó gòkè. Bó ṣe ń gòkè, ó yẹ kí eré rẹ̀ máa dín, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ tó ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀, tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba orí apá rẹ̀ kọjá kò dín. Tó bá dé òkè, ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ bí òkò. Ó wá já sínú afẹ́fẹ́ tó ń falẹ̀, pẹ̀lú gbogbo eré tó kó bọ̀ látòkè. Ó tún yí. Ó tún gòkè. Gbogbo ìgbà tó bá sọdá ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti pààlà, ó jèrè.

Bí ìyá mi ṣe ń ṣòwò nìyẹn. Ó ń kó gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó, ó ń kó ẹja gbígbẹ láti Èkó bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò gbin ẹ̀gẹ́, kò pa ẹja. Ìyàtọ̀ iye owó láàárín ìlú méjì ló fi rán wa nílé-ìwé. Ọjọ́ tí gàrí àti ẹja bá di iye kan náà níbi méjèèjì, ebi ló kù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun o. Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Rayleigh, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1883. Lónìí, àwọn kan ń fi ọkọ̀ kékeré onírìmóòtù ṣe é lẹ́yìn òkè níbi tí afẹ́fẹ́ líle àti afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ ti pàdé, láìsí ẹ́ńjìnnì rárá, wọ́n sì ti mú un sáré kọjá 850 kìlómítà láàárín wákàtí kan.

Géèjì_Ṣàgámù | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:44 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n ará Ìpẹru, ẹ ní oúnjẹ yín ni. Ṣé ẹ ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ni? Ènìyàn ń wọ̀ ọ́?

Ìpẹru_ní_Jámánì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:37 àárọ̀

Mo ń wọ̀ ọ́ o. Iṣẹ́ mi gangan ni kí n máa tún apá rẹ̀ ṣe, lópin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fò ó. Gíláídà ni wọ́n ń pe ọkọ̀ òfuurufú tí kò lẹ́ńjìnnì, Jámánì sì nilé rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwé àdéhùn ká wọn lọ́wọ́ kò lórí ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́ńjìnnì, ni àwọn ọ̀dọ́ bá gba orí òkè Wasserkuppe lọ láti 1920, wọ́n ń fi èyí tí kò lẹ́ńjìnnì díje.

Ìgbà àkọ́kọ́ tèmi rèé. Wọ́n de ìgbànú mọ́ mi láyà bí ẹrù ọjà. Ẹ̀rọ kan wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú tó ń ká okùn gígùn, ó fà wá gbọ̀n-ọ́n, ilẹ̀ sì yẹ̀ lábẹ́ wa. Káìtì ẹ̀gbọ́n Òdogbolú gẹ́lẹ́ ni wá ní àkókò náà. Nígbà tó ṣe, olùkọ́ mi tó wà lẹ́yìn fa nǹkan kan, mo gbọ́ "kà!", okùn ti já bọ́. Mo pe orúkọ ìyá mi. A kò já. Gbogbo ibẹ̀ kàn dákẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn mọ̀. Lójú gíláàsì iwájú, níta, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ òwú pupa kan mọ́ ọn, kò gùn ju ìka lọ. Òwú yẹn ni mò ń wò ju gbogbo aago inú ọkọ̀ lọ. Bó bá nà gbọọrọ sẹ́yìn, ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Bó bá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ mi ti ṣe àṣìṣe lórí pẹ́dà. Ọkọ̀ olówó ńlá, òwú ìyá aránṣọ ló ń darí rẹ̀.

Nígbà tó yá apá òsì wa gbé sókè díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi èjìká tì yín. Olùkọ́ ní, "Ibẹ̀ ni, yí síbẹ̀." Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, láti orí oko àlìkámà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè. A bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Mo wòkè, àṣá kan ń yí po lórí wa nínú afẹ́fẹ́ kan náà, ó ń wò wá bí ẹni pé a wọlé láìkàn lẹ́kùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:15 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò. Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ wàhálà yìí o.

Ọkọ̀ onítáyà tí wọ́n ń pè ní Opportunity balẹ̀ sí Máàsì ní 2004. Títí tí ìjì eruku fi pa á lẹ́nu mọ́ ní 2018, kìlómítà 45 ló rìn. Ọdún 14 o! Ẹni tó ti Ṣàgámù gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ, tó kọjá rẹ̀ díẹ̀, ti rìn tó bẹ́ẹ̀. Elikópítà kékeré Ingenuity wá gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 2021, òun ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó fi agbára ara rẹ̀ fò ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ìgbà 72 ló fò kí fáànù rẹ̀ tó bàjẹ́ níbi tó ti ń balẹ̀ ní oṣù kìíní 2024. Ẹ ṣírò gbogbo àsìkò tó lò lójú òfuurufú pọ̀, wákàtí 2 àti díẹ̀ ni. Kò sí ìgbà tó fò tó ìṣẹ́jú 3 lẹ́ẹ̀kan, torí bátìrì ni: tó bá ti fò tán, ó ní láti jókòó kí òrùn fún un lágbára padà.

Bẹ́ẹ̀ ibi tó dùn jù ní Máàsì, ọkọ̀ onítáyà kò lè débẹ̀. Àfonífojì kan wà níbẹ̀, Valles Marineris, gígùn rẹ̀ lé ní 4,000 kìlómítà, ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn tó kìlómítà 7. Bí ẹni pé ó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ó lọ parí sí Cairo. Yàrà Sùngbọ́ Erédò tí àwa fi ń yangàn, ibi tó jìn jù níbẹ̀ jẹ́ bí mítà 20. Ògiri àfonífojì yẹn, tí afẹ́fẹ́ ń gun ún lọ́sàn-án bí òrùn ṣe ń pa á, ni gíláídà lè máa bá rìn.

Àárín kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò dúró wò dáadáa rí. Sátẹ́láìtì ń wo Máàsì látòkè réré, ọkọ̀ onítáyà ń wò ó látilẹ̀. Afẹ́fẹ́ àárín, níbi tí eruku ti ń gbéra, ibẹ̀ ni gíláídà máa ń gbé.

Mámà_Ìkẹ́nnẹ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Máàsì, Máàsì, láti àná. Àgùàlà ńkọ́? Òun ló ń súnmọ́ wa jù, òun ni gbogbo ayé ń rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé wọ́n máa ń sọ fún wa pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ajá oṣù. Ṣé wọn kò lè fi ẹyẹ wọn yìí bẹ ibẹ̀ wò ni?

Tísà_Físíìsì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:12 ọ̀sán

Mámà, ẹ kúu ọ̀sán, ẹsẹ̀ yín á máa gbé ilẹ̀ pẹ́. Pílánẹ́ẹ̀tì ni àgùàlà lóòótọ́, ó tóbi tó ayé wa díẹ̀ ló kù, ẹni tó pè é lájá oṣù ti bú u.

Ẹ̀dá méjì ni. Nílẹ̀ rẹ̀, iná ni: ooru ibẹ̀ lé ní 460 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òjé á yọ́ di omi níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń tẹ nǹkan ní ìlọ́po 90 àti lé ti tiwa. Bàbá Géèjì, ẹ̀rọ yín kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lé ní 1,300 lójú géèjì. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gòkè tó nǹkan bíi 50 sí 55 kìlómítà, ooru àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wá jọ tiwa. Ní oṣù kẹfà 1985, àwọn ará Soviet ju fèrè ńlá méjì síbẹ̀, Vega 1 àti Vega 2. Ọ̀kọ̀ọ̀kan léfòó láàárín àwọsánmà ibẹ̀ fún bíi wákàtí 46, ó ń ránṣẹ́ bọ̀ wálé. Kò lẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ òkè ibẹ̀ ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń yí gbogbo àgùàlà po ní bí ọjọ́ 4, ti ìsàlẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn. Ẹ rántí òwò gàrí ìyá ará Ìpẹru: ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ yanturu.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àwọsánmà náà. Kì í ṣe omi òjò ló wà nínú rẹ̀, ásíìdì ni, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì mọ́tò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:40 ọ̀sán

Kí n fi ẹyọ kan kún un. Táítàn, òṣùpá kan tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n po. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ki ju tiwa lọ ní ìlọ́po 4, òòfà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 7 tiwa. Ènìyàn lè so apá mọ́ ejìká kó sì fò níbẹ̀, bí òtútù kò bá pa á. Ẹ ó rò pé ibẹ̀ gan-an ni gíláídà máa jọba. Rárá o. Nígbà tí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Huygens balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kìíní 2005, ó bá a pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn. Fífò rọrùn níbẹ̀, òwò ni kò sí. Dragonfly, ọkọ̀ tí NASA ń múra láti rán síbẹ̀ ní 2028, kì í ṣe gíláídà: ó ní fáànù, ó sì ń gbé agbára núkílíà tirẹ̀ lọ.

Ará_Òdogbolú | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:03 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa, mo gbà pé ó lè fò. Ta ló máa wà á? Tó bá sì di ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dá ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:19 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, òun fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rédíò ránṣẹ́ láti ayé máa ń pẹ́ ní ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán kó tó dé Máàsì, nígbà mìíràn ó lé ní 20. Kí wọ́n tó sọ pé "yà sọ́tùn-ún", ó ti kọ lu òkè. Bí albatross ṣe ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ pààlà sí ni kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ní láti máa mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn lójú tèmi, ó le ju apá lọ.

Tí afẹ́fẹ́ bá dá, yóò balẹ̀, kò sì ní gbéra mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ro ìyẹn mọ́ ọn: níbi tó bá balẹ̀ sí, á máa ka ojú ọjọ́ ibẹ̀ ránṣẹ́ wálé. Ó fúyẹ́, kò sì gba àyè, wọ́n lè kó bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀kan bá já, òmíràn ṣì wà lókè.

Géèjì_Ṣàgámù | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:02 alẹ́

Mo ti gbà. Òwò gàrí ló pa mí. Ìyàwó mi ka ibẹ̀ sókè fún gbogbo ilé lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yìí wá ní òun fẹ́ ṣe ọ̀kan lọ́la. Tísà, kí la máa ṣọ́ra fún?

Tísà_Físíìsì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:15 alẹ́

Imú. Ẹ jẹ́ kí imú rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ìdí lọ. Ọwọ́ yín ló máa sọ iye rẹ̀ fún yín, kì í ṣe ìwé.

Géèjì_Ṣàgámù | Ọjọ́ Àìkú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A ti ṣe é.

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí ni ọmọ náà fi bíléèdì gé. Apá rẹ̀ gùn tó apá mi méjèèjì tí mo bá nà án. Ó lẹ òwú pupa kan mọ́ ọn lórí, ó ní ti Jámánì ni. Bíi aago kan ọ̀sán, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a gun òkè ilé alájà méjì ti aládùúgbò wa.

Ẹ̀ẹ̀kíní, ó gbé imú sókè, ó dúró lójú òfuurufú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì fi ìdí já lulẹ̀. Mo fi ìṣó mẹ́ta sí i nímú. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wọ ilẹ̀ bí ọ̀bẹ, apá ọ̀tún kán. A fi téèpù dì í. Ìgbà náà ni mo rántí òjé kékeré tí a fi ń báláǹsì rìímù. Mo yọ ìṣó, mo gé òjé kan sí méjì, mo lẹ ìdajì mọ́ imú. Mo gbé e sórí ìka méjì lábẹ́ apá, ó tẹ imú sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí àgbà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ mi ló jù ú. Ó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ariwo. Ó kọjá fẹ́ǹsì, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, àwọn tó wà níbẹ̀ gbójú sókè. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ń wo ibi tó máa bọ́ sí. Bó ṣe dé orí páànù ọjà báyìí, ẹ gbà mí gbọ́, imú rẹ̀ kò yí padà, ara rẹ̀ kò mì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ gbé sókè, ó tó ìgbọ̀nwọ́ méjì dáadáa. Ọmọ mi di mí lápá mú. Ó wá yà, ó lọ jókòó sórí òrùlé ilé kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Mò ń rí òwú pupa rẹ̀ láti ibi tí mo wà.

Aṣọ iṣẹ́ mi wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní àkàbà gígùn nítòsí Sábó? Òjò ti ń ṣú.

Ará_Òdogbolú | Ọjọ́ Àìkú, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Mo ní àkàbà. Òdogbolú ló wà. Ta ló máa san owó ọkọ̀ rẹ̀?